Ìsọ̀ Obì Tí Ìyá Mi Ń Dá Jókòó Sí

Gbogbo ayé ló kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí ra ẹ̀wù onírun méjì fún mi, ó ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì pọ̀, kí n má sì fi orí sílẹ̀ láìbò. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé Bẹ́lífáàsì, ní àríwá Áyálándì, mo yà ní kọ́nà kan láti wá ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, ni mo bá ko ògiri kan lójú tó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ó la àdúgbò sí méjì gbọọrọ, wọ́n sì to wáyà sí orí rẹ̀. Mo rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Mo bi obìnrin kan tó ń fa ajá lọ. Ó ní rárá o, ilé àwọn èèyàn ló wà lọ́tùn-ún, ilé àwọn èèyàn ló wà lósì. Ó ní Jésù kan náà ni wọ́n jọ ń sìn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sìn ín ni kò bára mu, àti pé ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ti para wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà tipẹ́tipẹ́. Ògiri ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ògiri náà bà mí lẹ́rù. Ó dùn mí ni. Mo ti rò pé ìlú tí mo wá yìí, wọn ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo padà sílé láìra iṣu.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo kọ́kọ́ rí. Èmi tí mo kàwé gboyè, tí mo ti ń jókòó sórí àga tó ń yí ní ọ́fíìsì kan ní Ṣágámù, èmi ni mo wá ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo máa ń kí ara mi nínú dígí. Màá ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà," màá tún dá ara mi lóhùn pé, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé a jí dáadáa?" Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé láti kí ara mi, ọjọ́ náà máa ń gùn ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó gbà mí síṣẹ́ rán mi lọ sí ilé kan tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn gan-an. Ilé náà ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí apá ibí, ọ̀kan kọjú sí apá ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti gba àdúgbò ọ̀tá rẹ̀ kọjá kó tó wọlé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn èèyàn láti apá méjèèjì máa ń wá síbẹ̀ láti jókòó, mu tíì, sọ̀rọ̀. Olówó kan tó ti kú ló fi owó sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Owó rẹ̀ ló ra àga, òun ló ń sanwó iná tó ń mú ilé móoru, òun ló ń gbé àwọn arúgbó wá tó sì ń gbé wọn padà. Mo bi ara mi pé irú olówó wo ló ń kú tí kò fi owó kọ́lé fún àwọn ọmọ rẹ̀, tó ní kí wọ́n fi ra tíì fún àwọn èèyàn tó kórìíra ara wọn.

Mórìn ni obìnrin tó ń darí ilé náà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo ti kúnlẹ̀ kí i kí n tó rántí ibi tí mo wà. Kíá, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ káàkiri, ó rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, à ń wá nǹkan tí kò sọnù. Ìgbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe orúkọ mi, ó sì ń pè é dáadáa, torí ó jókòó tì mí kó lè kọ́ ọ.

Ọkùnrin arúgbó kan wà tó máa ń wá, Jímì lorúkọ rẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé nínú apá méjèèjì, apá wo ni mo wà. Mo ní ọmọ Rẹ́mọ ni mí. Ó ronú sí i títí, ó wá ní kò burú, pé òun ò tíì bá apá yẹn jà rí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó máa ń pariwo ni, bíi pé ẹnu rẹ̀ ló fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá òkun. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, kí ni mo jẹ, ṣé wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Á ka àwọn tó bímọ fún mi, á ka àwọn tó kú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ parí, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á wá sọ ohun kan náà tó ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé òun rí Ladi, pé Ladi ò wo òun. Kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, á gbàdúrà fún mi, á sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ladi ń ṣe. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé, wọ́n sì láwọn ọmọ tó mọ̀wé kà. Kí ẹ sáà mọ̀ pé bí ẹ bá gun ọ̀kadà láti Ìrolù, kò ní pẹ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Obì ni òwò wa. Ìyá mi máa ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á. Ṣíṣà yẹn niṣẹ́ gan-an. Obìnrin á mú obì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, torí ẹyọ kan tó bá lu níhò lè ba odindi apẹ̀rẹ̀ jẹ́ kó tó dé Kánò. Ìsọ̀ gígùn kan wà tí àwọn obìnrin wa àti àwọn obìnrin Hausa jọ máa ń jókòó sí láti ṣa obì. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀.

Ladi ni ọ̀rẹ́ ìyá mi níbẹ̀. Àǹtí Ladi là ń pè é, àwa ọmọdé. Ọmọ Hausa ni bàbá rẹ̀, ó wá láti Òkè Ọya wá ra obì, ó sì dúró. Ìlú wa ni wọ́n ti bí Ladi, ó sì gbọ́ Rẹ́mọ jù mí lọ. Bó bá ń fi Rẹ́mọ bú èèyàn, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ó gbà sá. Ìyá mi fi ọdún mélòó kan jù ú, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é. Ladi ló ń di irun mi.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwa àti àwọn Hausa. Àwọn tiwa ní àwọn Hausa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn Hausa ní àwa ni. Mo ti gbọ́ ọ̀nà bíi mẹ́fà tó gbà bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ẹni tó ń sọ ọ́ jẹ̀bi nínú rẹ̀. Wọ́n dáná sun ìsọ̀ obì. Àwọn èèyàn kú ní apá méjèèjì. Bàbá mi ti ṣaláìsí nígbà náà, èmi àti ìyá mi nìkan la wà nílé. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn látinú, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, a jókòó sílẹ̀.

A gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. A sì gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o. Ladi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ìyá mi dìde. Mo yára jù ú lọ. Mo já kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ àyà, mo ká jọ sílẹ̀. Mo ní bí a bá ṣí i, àwọn tó ń lé e á tẹ̀ lé e wọlé, wọn á pa wá. Ìyá mi ń fa ọwọ́ mi, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n mú un wá, kí n mú un wá. Mi ò mú un wá. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ìkànkùn mọ́.

Ẹ̀mí Àǹtí Ladi ò bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọ̀nà níbẹ̀ náà ni àwọn tiwa ti lé e bá, wọ́n fi igi ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó fi ń ṣa obì, tó fi ń di irun mi, egungun rẹ̀ ò jinná dáadáa, kò ká mọ́ di òní.

Ìgbà tí ìlú rọlẹ̀, ìyá mi sọ fún gbogbo èèyàn pé a ò sí nílé lọ́jọ́ náà, pé Ìpara la sá lọ. Àǹtí Ladi gbọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ló fi dáhùn: ó ní kò sí àgádágodo níta ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà dá sí i. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bá a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á pe àwọn méjèèjì, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Wọ́n á ní ẹ fọwọ́ wọ́nú, wọ́n á ní bí a bá ń ro dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní òun ti gbà, gbogbo ilé á ṣe àmín. Àǹtí Ladi ní òun ti gbà. Látìgbà náà ni kò ti wo ìyá mi mọ́.

Ìyá mi ò sì sọ fún un pé èmi ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti òun pàápàá, a ò mẹ́nu bà á láàárín ara wa fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Bó bá ti ní òun rí Ladi, Ladi ò wo òun, mo máa ń ní, "Ẹ má dá a lóhùn," bíi pé mi ò mọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo ń gbé tíì yí ká nílé ológiri yẹn nígbà tí Jímì sọ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti apá kejì ló kọjú sí. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti jọ ń mu tíì níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ òjò àti ọmọ-ọmọ. Jímì ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun nígbà náà. Wọ́n ní kí òun dúró sí kọ́nà, kí òun súfèé bí ẹ̀gbọ́n obìnrin náà bá ti jáde nílé. Ó jáde, òun súfèé, àwọn tó kù ṣe ìyókù. Obìnrin náà bi í bóyá ó mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ náà. Jímì ní òun ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà sọ orúkọ náà fún un. Jímì pè é. Obìnrin náà ní kó tún un pè, ó sì tún un pè. Kò ní òun dárí jì í. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá.

Èmi ti sá wọ ilé ìdáná. Ife kan ni mo ń fọ̀, mo fọ̀ ọ́ títí Mórìn fi wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tó súfèé wà ní pálọ̀, èmi ni mo sá pamọ́. Bí mo bá jẹ́ èèyàn gidi, ọjọ́ yẹn ni ǹ bá gbé fóònù pe ìyá mi, kí n ní kó gbé e lọ fún Àǹtí Ladi. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo lọ bi Mórìn bóyá owó olóògbé yẹn lè kọ́ ìsọ̀ obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ó ní ó ṣeé ṣe, pé wọ́n máa ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibòmíràn tí ìjà ti jà. Mo kọ̀wé. Mo kọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi níbi tó yẹ. Mo ṣàlàyé ìsọ̀ tó jóná, mo ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ṣe ń jókòó pọ̀ tẹ́lẹ̀ tí kálukú wá ń ṣa obì níwájú ilé ara rẹ̀. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn obìnrin olóbì, mo gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn àgbà Hausa. Mórìn kà á tán, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó bi mí bóyá ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ tèmi fúnra mi. Mo ní rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ti gbà, mo jó nílé ìdáná. Jímì ń pàtẹ́wọ́ fún mi, kò sì sí ìgbà kankan tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ bá ẹsẹ̀ mi mu. Mo pe ìyá mi, mo sì gbọ́ tó ń sunkún ayọ̀. Ó ní Ọlọ́run ló rán mi lọ sókè òkun, pé òun àti Ladi á tún jókòó pọ̀. Mo ṣe àmín. Mo rò pé mo ti san gbogbo rẹ̀ tán.

Wọ́n kọ́ ọ, ó sì dára. Wọ́n kan páànù tuntun sí i, wọ́n fa omi ẹ̀rọ débẹ̀, wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì gígùn tí ogún obìnrin lè jókòó sí. Lórí fóònù ni mo ti wo ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Lèmọ́mù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn àgbà àdúgbò náà sọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Gbogbo wọn ṣe àmín, èmi náà ṣe àmín nínú yàrá mi. Àwọn obìnrin Hausa wọ ìborùn dáadáa wá, wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá. Ìgbà tí àwọn obìnrin wa rí i pé àwọn yẹn ò wá, àwọn náà padà síwájú ilé wọn. Ìyá mi nìkan ló ń lọ. Láràárọ̀, á ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ogún èèyàn, á ṣa obì títí ilẹ̀ á fi ṣú, á ru ú padà.

Mórìn ní kí n fún òun ní fọ́tò àwọn obìnrin níbi iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n yà á fún mi nílé. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ìyá mi. Ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó ní àárín bẹ́ǹṣì gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún mi, ọ̀tún òfìfo, òsì òfìfo. Mi ò lè fi fọ́tò yẹn han Mórìn. Mo wò ó nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún débi tí òyìnbó kan fi dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, ìyá mi ò pariwo. Ó ní òun rán ẹnì kan lọ bi Ladi léèrè. Ladi ní òun ò bá ìsọ̀ jà, ìsọ̀ dára. Ó ní ẹnì kan lòun ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá, kó wá sọ fún òun ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi ní, "Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ fún un?"

Ó yé mi. Ibi yòówù kó gbà sọ ọ́, orúkọ mi ló máa kàn. Òun náà mọ̀ pé ó yé mi.

Mo kọ́ odindi ìsọ̀ kí n má baà sọ gbólóhùn kan. Owó olówó ni mo sì fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó níwájú Mórìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa fún òun fúnra rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi. Ó kàn ní òun ti rí i púpọ̀, pé owó máa ń ra àga, kò sì tíì sí ìgbà tó ra ẹnu. Ó ní kí n gba ìsinmi mi, kí n lọ sílé.

Ohun kan ń yí lọ́kàn mi kí n tó lọ. Ní Bẹ́lífáàsì, bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, á bi mí ìgbà tí mo máa lọ sílé. Wọn ò fi bú mi o. Wọ́n kàn gbà pé ẹni tó bá dà bíi tèmi, ilé rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó máa ń dùn mí, mo sì máa ń bínú. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe Àǹtí Ladi ní àlejò, nílùú tí wọ́n ti sin ibi ọmọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi rò lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án pé ilẹ̀kùn wa kì í ṣe tirẹ̀ láti wọlé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan.

Ọjọ́ kejì tí mo délé ni mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi. Àǹtí Ladi wà níwájú ilé, atẹ obì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣà á. Ó ti dàgbà. Ó dá mi mọ̀ lójú kan náà, ó fi Rẹ́mọ kí mi, ó ní ṣé kò sóúnjẹ lọ́dọ̀ òyìnbó ni tí mo fi rù báyìí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó. Mi ò dìde.

Mo ní, "Àǹtí, a wà nílé lọ́jọ́ yẹn. A gbọ́ ohùn yín. Ìyá mi dìde láti ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́ra tí mi ò fún un."

Ó mú obì kan, ó yí i wò, ó gbé e sápá kan. Ó mú òmíràn. Ó tó obì mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà. Mo ní mẹ́sàn-án. Ó gbé atẹ kúrò lẹ́sẹ̀, ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó sì ń lọ. Kò ní kí n tẹ̀ lé òun, kò sì ní kí n má tẹ̀ lé òun. Mo tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ìsọ̀ ló gbà.

Ìyá mi wà níbẹ̀, ní àárín bẹ́ǹṣì. Ó gbójú sókè, ó rí Ladi, ó rí mi lẹ́yìn Ladi, obì ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àǹtí Ladi dúró níbi òpó àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ní òun ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá mi wò mí. Mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí, bí ẹni tí wọ́n já ẹrù orí rẹ̀ gbà ní ọjà. Mo rò pé ó máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni láti Bẹ́lífáàsì.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ladi. Apẹ̀rẹ̀ obì méjì ni mo máa ń dá gbé nígbà yẹn. Ṣé apá mi ò ká ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni? Mo rọra fà á ni. Ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ kó di í mú."

Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ìyá mi ń rù, àṣé tirẹ̀ ló ń rù. Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, níwájú àbúrò, ó ní òun ò rán àgbà kankan lọ́tẹ̀ yìí, òun ni òun wá.

Àǹtí Ladi ń sunkún, kò sì nu ojú.

Ó ní, "Mi ò tíì lè sọ pé mo gbà. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì."